Ọkàn Tí Ọ̀gá Rà

"Ọ̀gá, ṣé ilé ìwòsàn ò tíì pè?"

Ọ̀gá ò gbójú sókè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń já àpò fúláwà sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti èyí tí kò bá tò dáadáa. "Bí wọ́n bá pè, ṣebí èmi náà ni wọ́n máa pè? Padà sídìí ọpọ́n ẹ, jàre."

"Wọn kì í pẹ́ tó báyìí, sà. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ mi lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa ń pè."

"Aago!" Ọ̀gá gbá a léjìká, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà rò ó wò. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹ bá burú, ṣé wọ́n á dákẹ́? Bí o ò bá gbọ́ nǹkan kan, àlàáfíà ni."

Aago náà rẹ́rìn-ín. Bí Ọ̀gá bá ti rẹ́rìn-ín, dandan ni kí òun náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bó ṣe ń padà bọ̀ lẹ́yìn, mo rí i tó ń fi ọwọ́ òsì ra ìka ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tí òtútù mú, bẹ́ẹ̀ ìdí ààrò la wà, níbi tí òógùn ti ń ro lára wa bí òjò.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ó kàn kú díẹ̀ ni. Ó jọ pé òun náà ń béèrè ìsinmi."

Èmi ni mo ń dúró ti ààrò ní ilé búrẹ́dì náà, mo sì ti pẹ́ nídìí rẹ̀ débi pé irun ò hù lápá mi mọ́. Aago ló ń po ìyẹ̀fun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe iṣẹ́ náà kó tó dé. Búrẹ́dì tiwọn á wú lóòótọ́, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti le bí bíríkì. Ti Aago kì í le. Bí a bá bi í léèrè ohun tó ń fi sí i, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wa lójú, á ní, "Àwọn wọ̀nyí ni. Ẹ kò lè rà wọ́n lọ́jà."

Aago kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àyà rẹ̀ ló fún un. Nígbà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gbé korobá lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ dúdú. Àwọn dókítà ní ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn rẹ̀ tó ti gan, kò ṣí dáadáa, kò sì pa dé dáadáa. Wọ́n là á láyà, wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà, wọ́n fi onírin sí i. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá jókòó tì í níbi tó pa rọ́rọ́, á gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. "Bí mo bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ má bi mí. Àyà mi ni kẹ́ ẹ bi, òun ló mọ aago tó lù." Ìyàwó rẹ̀, tó ń dirí fún àwọn èèyàn lójúde ilé wọn, máa ń dáhùn pé, "Ọkọ àwọn ẹgbẹ́ mi ń hanrun. Tèmi ń ka ìṣẹ́jú."

Ọ̀gá ló sanwó iṣẹ́ abẹ náà. Mi ò ní torí pé mo ń bínú sí i kí n sọ pé òun kọ́. Òun ló san án, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ó gbé fọ́tò tí òun àti Aago jọ yà sí iwájú ìsọ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé ILÉ BÚRẸ́DÌ ALÁÀÁNÚ. Bí oníbàárà tuntun bá wọlé, á ké sí ẹ̀yìn pé, "Aago, wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ." Aago á nu ìyẹ̀fun lọ́wọ́, á ṣí bọ́tìnnì, àwọn obìnrin á gbé etí lé e láyà, wọ́n á pariwo, wọ́n á súre fún Ọ̀gá, wọ́n á sì ra búrẹ́dì kún èyí tí wọ́n fẹ́ rà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé rédíò ni ẹ́ ni?" mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ta ló gbà mí lọ́wọ́ ikú?"

"Àwọn dókítà ni."

"Ta ló gbà mí lọ́wọ́ àwọn dókítà?"

Kò sí bí èèyàn ṣe máa bá a jà tí kò ní fi ọ̀rọ̀ pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Òun ni alápàárá wa. Ó lè sín gbogbo ayé jẹ. Èyí tó dùn jù nínú tirẹ̀ ni ti bàbá onílé wọn tó máa ń mutí yó, tí ẹnu rẹ̀ á máa wọ́, tí èèyàn ò ní mọ̀ bóyá owó ilé ló ń béèrè àbí ọ̀nà ilé. Bí Aago bá ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹni tí irin bá wà nínú ọkàn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ máa dì mọ́ irin náà. Nítorí ẹ̀ ló ṣe ní láti máa mu oògùn kan lójoojúmọ́ títí ayé. Bí oògùn náà bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á dì. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ya bí omi ẹ̀rọ. Látìgbàdégbà ni ilé ìwòsàn ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á wá pè láti sọ iye tó máa mu. Fóònù Ọ̀gá ni wọ́n ń pè. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn, wọ́n béèrè ẹni tó dúró fún un, Ọ̀gá ní, "Èmi ni," nọ́ńbà Ọ̀gá ló sì wà lọ́wọ́ wọn látìgbà náà. Aago ti ra fóònù tirẹ̀ tipẹ́. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ nígbà kan pé òun fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà náà. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "Ṣé mo ti di àlejò nínú ọ̀rọ̀ ẹ nìyẹn?" Ojú ti Aago. Kò sọ ọ́ mọ́.

Àkókò tí mò ń wí yìí, àwọn ilé ìwé ń wọlé padà. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ búrẹ́dì àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé, irú iṣẹ́ tí kò gbà rí. Ó ti bá wọn ṣàdéhùn ọjọ́, ó sì mọ̀ pé bí Aago ò bá sí nídìí ọpọ́n, àdéhùn náà á wọmi. Ṣáájú kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ ni Aago ti lọ kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Láti ìgbà tó ti dé ló ti ń béèrè bóyá wọ́n ti pè, Ọ̀gá sì ń dá a lóhùn bákan náà.

"Gba ilé ìwòsàn lọ fúnra ẹ," mo wí fún un.

"Mo ti tọrọ àyè. Ó ní lẹ́yìn búrẹ́dì ilé ìwé."

"O tọrọ àyè? Ọkàn Ọ̀gá ló ń lù nínú ẹ ni?"

"Òun ló rà á." Ó fẹ́ kó jẹ́ àwàdà, àmọ́ kò dún bí àwàdà létí mi. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí parí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní aláìmoore."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ wá. Ó fi agolo oògùn hàn mí, ó ní, "Ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n sọ fún un nígbà tó kọjá ló ṣì ń mu, kò mọ̀ bóyá ó tó. Lánàá, ife bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ọṣẹ ló wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n, kò sí ọṣẹ nítòsí ẹ̀."

Mo ní kó lọ bá Ọ̀gá. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kí n lè gbọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tí ìyẹ̀fun ti sọ di funfun, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ òun lọ, ìdajì ọjọ́ péré.

"Ìyàwó, dìde," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ̀yin obìnrin ti fẹ́ràn ìjáyà jù. Ọkùnrin tí mo ti gbà lọ́wọ́ ikú, ṣé mo tún máa wá pa á? Ta ló fẹ́ràn ẹ̀ tó mi?"

Fóònù rẹ̀ dún níbi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ó wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, ó sì dà á dé orí tábìlì. "Àwọn ilé ìwé náà nìyẹn. Wọn ò jẹ́ kí n mí." Ó wá mú búrẹ́dì méjì tó ṣì gbóná, ó kó o lé obìnrin náà lọ́wọ́. "Lọ fi jẹun. Bó bá di pé a parí, èmi fúnra mi ni màá wà á lọ."

Obìnrin náà dúpẹ́. Mo rí i tó gbá búrẹ́dì náà mọ́ra bó ṣe ń jáde, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú.

Ọjọ́ tó yẹ kí búrẹ́dì náà parí, a ti jí sí iṣẹ́, oòrùn sì ti mú. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mò ń fi ṣọ́bìrì onígi gígùn fa agolo búrẹ́dì jáde nínú ààrò, nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹnì kan pariwo pé, "Ó ti dé o! Bàbá onílé ti dé!" Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn Aago láàárín ẹ̀rín náà. Ẹnu rẹ̀ ń wọ́, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ tóbi ju ẹnu lọ. Ẹ̀rín náà tún ga. "Owó ilé tòní ti pọ̀ jù!" ni ẹlòmíì wí, ó ń di ikùn mú.

Mo yíjú. Ìyẹ̀fun tó fẹ́ gé ń fà gùn lọ sílẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíì, ó ń wá ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí mi, ó gbìyànjú láti pè mí. Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, àmọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti wó lé ọpọ́n. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹnì kan tàbí méjì, wọn ò tètè rí ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Ọ̀gá sáré wọlé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: òun ló gbé Aago léjìká, òun ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ láìtì, ó sì ń sunkún bó ṣe ń wakọ̀. "Aago, dá mi lóhùn. Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn." Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyẹ̀fun tó wà lójú rẹ̀ ti ń gbẹ.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wo ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò mú un wá látọjọ́ yìí? A pè yín. A ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ń dì, kó wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní òun ti gbọ́, òun á sọ fún un. A tún pè lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò gbé e mọ́."

"Ẹ pe ta ni?" ni obìnrin náà bi í.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà náà. Kò tíì kà á dé ìdajì tí obìnrin náà fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀.

Mo bá a jáde síta, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó de aláìsàn. "Wọ́n pè yín."

"Ọ̀la ni mo fẹ́ kó lọ. Ọ̀la gan-an. Ṣé mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de èèyàn ni?"

"Búrẹ́dì ló ń dúró deni?"

Ó nu omijé, ojú rẹ̀ sì le. "Ìwọ tí o sá kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé bí kò bá sí ààrò mi, ìta lò bá wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọkùnrin yìí láyà, kí lo mú wá? Bí mo bá fi í sílẹ̀ nígbà yẹn, inú ilẹ̀ ni ì bá wà báyìí. Gbogbo ọjọ́ tó ti lò látìgbà náà, ta ló fún un?"

Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi tán nínú mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí i mọ́. Bó bá wọlé láàárọ̀, tí àwọn yòókù ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," èmi á máa ko iná. Ó ń retí kí n bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Á retí rẹ̀ pẹ́.

Aago ò kú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀, àfi ẹyọ kan. Àwọn dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, pé ohun tí èèyàn ti wí jù láyé rẹ̀ lè ṣẹ́ kù nígbà tí ìyókù bá lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù sí Aago lẹ́nu ni "Ẹ ṣé."

Bí ebi bá ń pa á, "Ẹ ṣé." Bó bá fẹ́ lọ tọ̀, tí ẹnì kan ò tètè dé, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé," títí aṣọ rẹ̀ á fi tutù. Lọ́jọ́ kan, ọbẹ̀ gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, ohun tó fi ké náà nìyẹn, àwọn ará ilé tó wà ní yàrá kejì sì rò pé ẹnì kan ló ta á lọ́rẹ. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó máa ń fò mọ́ ọn lọ́rùn tẹ́lẹ̀, ti ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

"Ó ti wá ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀," ìyàwó rẹ̀ wí fún mi, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù fún un. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún mi, kò gbọ́. Ẹ wò ó bó ti ń wárí." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, Aago wo wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, omi sì jáde lójú rẹ̀. Kò ráyè dirí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Owó tí Ọ̀gá ń fún wọn lóṣooṣù ni wọ́n fi ń jẹun, nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá ní kí wọ́n máa gbé Aago wá jókòó ní iwájú ìsọ̀ láràárọ̀, kí ara rẹ̀ lè yá láàárín èèyàn, kò lè kọ̀. Oníbàárà tó bá ra búrẹ́dì, á gbọ́ tí ó ní, "Ẹ ṣé." Inú wọn a máa dùn. Wọ́n ní kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó tibẹ̀.

Nígbà tó wá pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti là á láyà, ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ wá wo àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bí ayé ṣe rí fún wọn. Dókítà àgbà tó là á láyà ló ṣáájú, pẹ̀lú àwọn àlejò tó ń fowó ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́, àti ayafọ́tò kan. Ọ̀gá ti ra ẹ̀wù tuntun fún Aago. Ó gbé e sórí àga onítìmùtìmù ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga náà, kó tújú ká.

Mo fi ààrò sílẹ̀, mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn díẹ̀, kí n má purọ́. Mo ní dókítà ni eléyìí, kò sí bí wọ́n ṣe máa fi àga bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lójú.

"A yẹ ọkàn rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni dókítà sọ fún àwọn àlejò. "Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí, ó sì ń pa dé, bí ọjọ́ tí a fi í síbẹ̀. Lára gbogbo àwọn tí a ṣe lọ́dún yẹn, tirẹ̀ wà lára àwọn tó dára jù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, obìnrin kan tó fi ìborùn pupa bo èjìká, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Aago. "Ẹ kú oríire o. Ṣé ayé rọ̀ yín lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

Aago gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó nà án sí Ọ̀gá. Iṣan ọrùn rẹ̀ le, itọ́ ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo. "Ẹ ṣé! Ẹ ṣé! Ẹ ṣé!"

"Ẹ ò rí nǹkan!" Omi bọ́ lójú obìnrin náà. "Ẹ wo ìmoore."

"Kì í ṣe ọpẹ́ ló ń dú!" mo ké láti ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Ẹ máa wò ó níran," ni Ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Iná ààrò ti ń ràn án lágbárí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Aago wolẹ̀.

Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ ọ̀tún Aago tó já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó wò ó pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà lé Aago nítan, ó sì na àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tẹ́jú. Ó sún sẹ́yìn kó lè rí i dáadáa.

"Ó ti yá," ó wí fún ayafọ́tò.

Ọwọ́ náà tún yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Dókítà fa àga kan, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ náà mú mọ́ itan pinpin, ó sì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.